Àwọn Aago Ẹ̀yìn Aláago

Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri ṣe pariwo báyìí, gbogbo aago inú ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Aláago fò dìde lórí àga rẹ̀, ó sáré lọ gbá aago gíga tó wà ní kọ̀rọ̀ mọ́ra bí ìyá tó gbọ́ ìró àrá. Ó fi àyà tì í. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ojú gíláàsì rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń bẹ ọmọbìnrin oníwáyà tó dé akoto pé kó jọ̀ọ́ kó rọra, pé àwọn nǹkan tó wà lára ògiri yìí dàgbà ju bàbá tó bí i lọ, àgbàlagbà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n máa mi òun jìgìjìgì.

Ọmọbìnrin náà kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ti di etí rẹ̀ méjèèjì nítorí ariwo, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí bàbá náà, ó rò pé ìdùnnú ló mú un dì mọ́ aago. Onírúurú ìdùnnú ló ti rí nínú ilé alájà mẹ́ta yìí láti àárọ̀. Ní òkè pátápátá, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú fóònù láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́ fi ológbò rẹ̀ ta oníwáyà lọ́rẹ.

Gbogbo ilé ló ń retí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yìí bí ẹni ń retí òjò. Aláago nìkan ni kò retí rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó dára. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wo inú aago mọ iṣẹ́ ọwọ́ gidi bó bá rí i. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi okùn ọ̀hún hàn án, tó ṣàlàyé pé gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú rẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré gba ibẹ̀ kọjá tòun ti ọ̀rọ̀ àti àwòrán, ó ti wò ó lábẹ́ awò tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ẹni tó ronú kan èyí kò sùn. Okùn náà kọ́ ló ń bà á nínú jẹ́. Nẹ́tíwọọ̀kì burúkú tí okùn náà fẹ́ wá lé jáde ni àánú rẹ̀ ń ṣe é. Ó ti pẹ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì burúkú ti ń gbà á sílẹ̀, kò sì dára kí wọ́n máa lé olùgbàlà ẹni lójú ẹni kí èèyàn máa wò.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni nẹ́tíwọọ̀kì náà ti ń gbà á sílẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ìlú tó jìnnà réré ló sì ń gbé. Ó ti gbẹ̀bí débi pé kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ èèyàn mọ́, àṣẹ ló máa ń pa; bó bá ní kó o tì, wàá tì ni. Òun ló tọ́ Aláago dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Aláago ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, irun orí rẹ̀ ti funfun, àmọ́ Kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń pè é, bó bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, etí ọkùnrin náà á gbóná, á rántí ìgbà tí wọ́n máa ń fà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n máa ń pè é lórí fóònù kí wọ́n lè rí ojú ara wọn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pè é ní rírí. Igun imú kan, ìdajì ìrùngbọ̀n àti àwọ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń rí. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá Aláago ti lọ yọ eyín rẹ̀ tó ń dùn ún. Kó tó dáhùn, nẹ́tíwọọ̀kì dá wọn dúró gbagidi, nígbà tó sì fi padà dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí eyín, ó ti dé orí ajá aládùúgbò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n sùn. Aláago ro ọ̀rọ̀ náà lórí ìrọ̀rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àṣé ọ̀nà wà! Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ̀gbọ́n tún dá ọ̀rọ̀ eyín sílẹ̀, kò dúró de nẹ́tíwọọ̀kì. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró.

Ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà. Dígí ló fi máa ń dán an wò. Ó ti kíyè sí i pé nẹ́tíwọọ̀kì kì í dá èèyàn dúró síbi tó ti rẹwà. Àárín ọ̀rọ̀ ló máa ń ká ẹnu mọ́, ojú kan á là, ojú kejì á fẹ́ pa dé. Nítorí náà, bí ìbéèrè tó le bá ti dé, Aláago á la ẹnu díẹ̀, á jẹ́ kí ojú òsì rẹ̀ rọ̀, á sé èémí, á sì di ère. Kò pè é ní irọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ibo ló ti purọ́?

Nẹ́tíwọọ̀kì náà kò sì ṣe ojúsàájú, ó máa ń dá ẹ̀gbọ́n dúró pẹ̀lú, níbi tí kò dára rárá. Lọ́jọ́ tí Aláago pè é pé ìyàwó òun ti jáde láyé, ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn bí ọmọ tó bí, ibẹ̀ gan-an ni àwòrán ẹ̀gbọ́n dúró sí, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, títí ìpè fi já. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ tí Aláago sọ pé òun kò ní lè wá sílé ní ìparí ọdún. Lọ́jọ́ méjèèjì yìí, Aláago bú nẹ́tíwọọ̀kì àti àwọn tó ni ín títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eyín ti tán. Wọ́n ti yọ eyín. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí le ju eyín lọ, ó sì ń gbé ní òdìkejì títì.

Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Opó ni, ara rẹ̀ dá ṣáká, apá rẹ̀ le nítorí ìyẹ̀fun tó ń pò lójoojúmọ́. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbé aago kékeré kan wá, èyí tó fi ń mọ ìgbà tí búrẹ́dì á jinná. Aláago tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, aago padà dé. Ó tún un ṣe. Ó tún padà dé. Nígbà tó yá, Aláago tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa, ó rí fúláwà láàárín àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀, ó sì rí ojú ibi tí ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ já ìdérí rẹ̀. Kò sí aago tó ń fi fúláwà ra inú ara rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Aláago pa á mọ́ra, ó ní kí obìnrin náà padà wá gbà á lọ́la, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ ni, ó sì lọ ra ṣúgà tí wọn á fi mu tíì.

Láti ìgbà náà, aago yẹn kò bàjẹ́ mọ́, obìnrin náà kò sì ṣíwọ́ wíwá. Inú Aláago dùn débi tó fi máa ń kọrin lórí iṣẹ́, àmọ́ kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń dárúkọ obìnrin mìíràn fún ẹni tó ṣì gbé fọ́tò ìyàwó rẹ̀ kọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì? Bí ẹ̀gbọ́n bá ti béèrè pé, "Kékeré, ta ló ń bá ẹ jẹun báyìí?" Aláago á dúró gbagidi.

Bó ṣe dúró lọ́jọ́ kan nìyẹn tí Oníbúrẹ́dì wọlé bá a. Ó bá ọkùnrin náà lórí àga, ẹnu lílà, ojú kan rírọ̀, kò mí, kò ṣẹ́jú. Kí ni obìnrin ìbá rò? Ó gbé ike omi tó wà nílẹ̀, ó dà á lé e lórí pátá. Aláago kò mira. Omi ń kán ní imú rẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, kò mira, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lójú fóònù. Ìgbà tí ìpè já ló tó mí. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kò rí ju eruku funfun kan lọ, ó pè padà lẹ́yìn náà, ó béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn.

Aláago rò pé wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní kó ṣàlàyé, ọkùnrin náà sì ṣàlàyé.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ dúró yẹn," obìnrin náà sọ nígbà tó parí. "Èmi lẹ dá dúró."

Kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí di àárọ̀ òní, Sátidé. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná wá bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò jókòó. Ó ní ọmọbìnrin òun tó wà ní ìlú mìíràn ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ fún òun, pé kí òun pa ilé búrẹ́dì dé kí òun wá máa bá ọmọ náà gbé. Ó ti pẹ́ tí òun ti ń fi oríṣiríṣi àwáwí dá a lóhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí ni òun máa fún un lésì.

"Bí ẹ bá ti sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó tó di ìgbà yẹn, mo mọ ohun tí mo máa sọ fún ọmọ mi," ó ní. "Bí ẹ ò bá sì sọ, mo ṣì mọ̀ ọ́n."

Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí nǹkan kan, ó yíjú padà, ó fi kún un pé òun ni òun forúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníwáyà, pé wọ́n á dé láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọdá títì lọ sídìí ààrò rẹ̀, Aláago sì jókòó ti búrẹ́dì náà, kò lè gé e.

Oníwáyà parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kan àpótí pẹlẹbẹ kan mọ́ ògiri, iná kéékèèké ń tàn lára rẹ̀. Ó gba fóònù ọkùnrin náà, ó fi àwòrán odò kan dán an wò, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Omi náà mọ́ kedere, ó ń bọ̀ láìdúró, débi pé Aláago fà sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà ta sí i lára. Ọmọbìnrin náà ní àwòrán kò tún ní máa dúró mọ́ láéláé. Ó ní bí ìbéèrè bá wà kó béèrè.

Aláago wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó bá wá wù mí kó má ṣiṣẹ́ dáadáa ńkọ́? Fúngbà díẹ̀ péré."

Ọmọbìnrin náà wò ó títí. "Bàbá," ó ní, "látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnì kankan ò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ó ku Aláago, àwọn aago, àti àpótí tó ń tanná. Ó gbìyànjú láti ṣiṣẹ́. Ó gbé aago ọwọ́ kan síwájú, ó gbá irin kékeré kan dànù, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rin ilẹ̀ wá a títí, kò rí i. Ó tún dìde lọ síwájú dígí, ó la ẹnu díẹ̀, ó jẹ́ kí ojú òsì rọ̀, ó rí bàbá arúgbó kan tó ń ṣe bí òmùgọ̀, ó sì fi dígí sílẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibi tí wọ́n ti so wáyà àpótí náà mọ́ iná ògiri. Bó bá fà á yọ, ta ló máa mọ̀? Á ní iná ló lọ. Ó di orí wáyà náà mú. Ó gbójú sókè, ó rí Oníbúrẹ́dì láti ojú fèrèsé, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì rẹ̀ ní òdìkejì, ó ká apá mọ́ àyà, fúláwà wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń wo ibi tí òun wà. Kò juwọ́ sí i. Ó kàn ń wò ó ni. Aláago fi wáyà sílẹ̀.

Fóònù dún.

Ó fi í ti àpótí irinṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó, ó kẹ́yìn sí ògiri, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì yọ lójú fóònù, gbogbo rẹ̀ lódindi.

Aláago kò tilẹ̀ rántí kí i. Ó ti gbàgbé pé àmì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí i báyìí. Ó rí àwọn ìlà tó yí ojú rẹ̀ ká, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ara wọn kẹ́yìn. Ó rí yẹtí kéékèèké tó wà létí rẹ̀, èyí tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ó rí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó bò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti darúgbó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nínú àwòrán fífọ́ àtijọ́, kò sí ọjọ́ orí.

"Kékeré," ẹ̀gbọ́n ní, "irú ìrùngbọ̀n wo nìyí? Ṣé kò sí abẹ nílùú yín ni?"

Ara Aláago rọ̀ díẹ̀. Ó kí i, ó béèrè nípa orúnkún rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fa irú wáyà yìí sí ọ̀dọ̀ àwọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé kò sí nǹkan tó dà bí i. Ó ní dókítà ń yẹ orúnkún òun wò lójú fóònù, òun kì í wọ ọkọ̀ lọ síbi kankan mọ́. Èyí tó dùn mọ́ ọn nínú jù ni pé àwọn agbẹ̀bí kéékèèké tó wà ní ilé ìwòsàn ti ń pe òun bí ìbí bá le, wọ́n á gbé fóònù síbi tí òun á ti rí aláboyún lójú, òun á jókòó sórí àga òun, òun á máa sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn. Ọmọ kan ti wáyé bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun pariwo "Tì!" láti inú yàrá òun débi pé ajá aládùúgbò dákẹ́.

Aláago rẹ́rìn-ín gan-an. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ tí kò já. Ẹ̀rín náà ló jẹ́ kó túra ká, kò sì rí ìbéèrè náà nígbà tó ń bọ̀.

"Mo rí i pé ara ẹ jọ̀lọ̀," ẹ̀gbọ́n sọ. "Ta ló ń bá ẹ jẹun báyìí, Kékeré?"

Kì í ṣe pé ó rò ó. Ara rẹ̀ ló ṣe é. Ẹnu là díẹ̀, ojú òsì rọ̀, èémí dúró. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ fi máa lé ara rẹ̀ bá, ó ti di ère.

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ojú fóònù. Eṣinṣin kan bà lé iwájú orí Aláago, ó rìn wá sí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà wò, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sí ṣóńṣó ibẹ̀. Aláago kò ṣẹ́jú. Ìgbà náà ni aago márùn-ún lù. Aago gíga inú kọ̀rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà lókè ìlẹ̀kùn gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ti ara ògiri dá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀rọ oníwáyà ti mi gbogbo wọn kúrò ní ìṣọ̀kan, ẹyẹ onígi sì yọrí jáde nínú ọ̀kan, ó ké, ó wọlé, ó tún yọrí. Gbogbo irin tó ń fì ní abẹ́ aago ń fì lọ, wọ́n ń fì bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo náà pẹ́. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn dákẹ́, ẹ̀gbọ́n ṣì ń wò ó.

"Kékeré."

Ó sé èémí.

"Mo ti gba ọmọ tí wọ́n bí tí kò fẹ́ ké," ẹ̀gbọ́n ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo mọ ẹni tó ń mí. Gbogbo aago ẹ̀yìn ẹ ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ aláago nìkan lo kú. Lé eṣinṣin yẹn kúrò nímú."

Aláago lé eṣinṣin kúrò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ wọ inú aago gíga lọ kó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

"Látìgbà wo lo ti ń ṣe é?"

"Látìgbà eyín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Eyín wo?"

"Èyí tí wọ́n ti yọ."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó ń dúró de èsì ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í. Aláago bojú wo fèrèsé. Kò sí ẹnì kankan ní ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì mọ́. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ti pa dé. Ó fojú inú rí yàrá kan ní ìlú mìíràn, tí wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Ó rí tábìlì òun láìsí búrẹ́dì lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bà á, àmọ́ ẹ̀rù tábìlì yẹn bà á jù.

"Obìnrin kan wà, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Búrẹ́dì ló ń ṣe. Òun ló ń bá mi jẹun. Mo fẹ́ ẹ ṣaya, bí ẹ bá gbà, mo sì mọ̀ pé bí ẹ ò bá gbà, mo ṣì máa fẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ. Mo mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn ìyàwó mi. Mi ò gbàgbé ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí ẹ̀. Àmọ́ ilé dákẹ́ jù."

Ó sọ ọ́ tán, ó gbójú sókè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

Aláago kò lè gbà á gbọ́. Inú bí i débi pé ó lu tábìlì. Ṣé àárín ọ̀rọ̀ yìí náà ni? Ọmọbìnrin yẹn ló ní kò ní dúró mọ́ láéláé! Ó yíjú sí àpótí tó wà lára ògiri. Iná rẹ̀ ń tàn déédéé, kò sí èyí tó kú. Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí fóònù kó lè pa á kó tún un pè.

Ìka rẹ̀ kò tíì kan án nígbà tí kọ́tìnnì mì.

Ó mì díẹ̀, ó fẹ́ wọ inú yàrá, ó tún padà sẹ́yìn. Aláago wò ó. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ṣẹ́. Ó wo yẹtí ìyá wọn. Yẹtí náà ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ létí rẹ̀, bí nǹkan tó wà lára ẹni tó ń sé èémí.

Ọwọ́ rẹ̀ padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó rántí ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ẹ̀gbọ́n dúró, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, títí ìpè fi já. Ó rántí ọjọ́ tó sọ pé òun kò ní wá sílé ní ìparí ọdún, tó sì bú nẹ́tíwọọ̀kì débi pé aládùúgbò wá kan ìlẹ̀kùn. Nẹ́tíwọọ̀kì kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo àbúrò rẹ̀ tó ń pariwo tó ń bú nẹ́tíwọọ̀kì, kò sì fẹ́ kí ọmọ tí òun tọ́ rí òun níbi tí òun ti ń sunkún. Gbogbo àkókò tí Aláago fi ń dánra wò níwájú dígí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ wà ní òdìkejì.

Kò sọ nǹkan kan nípa kọ́tìnnì. Ó mọ bó ṣe máa ń rí nínú ìdúró yẹn, bí ọrùn ṣe máa ń ro èèyàn, bí ojú ṣe máa ń ta. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ má kánjú, ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ jẹ́jẹ́. "Mo wà ńbí."

Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dún. Òórùn búrẹ́dì ló kọ́kọ́ wọlé. Oníbúrẹ́dì dúró síbi tí fóònù kò ti lè rí i, ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti fọ fúláwà ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wo obìnrin arúgbó tó dúró gbagidi lójú fóònù, ó wo Aláago, ó sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣé nẹ́tíwọọ̀kì tún ti lọ ni?" ó béèrè.

"Rárá o," Aláago dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ díẹ̀. Wọ́n ń bọ̀."

Ó dìde, ó gbé àga kejì tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó gbé e síbi tí fóònù á ti rí i dáadáa, ó fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ṣe díẹ̀ kó tó jókòó. Àwọn méjèèjì jọ ń dúró, àwọn aago sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ lẹ́yìn wọn. Lójú fóònù, ẹ̀gbọ́n ṣì wà bó ṣe wà, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹnu lílà díẹ̀. Omijé kan rọra sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì dúdú ètè rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ yí díẹ̀, ẹyinjú nìkan, ó lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó wà lórí àga kejì.